Nítorí Ilẹ̀kùn

Ìyá Alágbàfọ̀ ti ki ẹsẹ̀ ọ̀tún bọ bàtà kánfáàsì, ó ń fi ẹsẹ̀ òsì wá ẹnu èkejì, nígbà tí ọmọ rẹ̀ káfíńtà ti yàrá jáde, tó dúró lé e lórí.

"Màmá, ibo lẹ tún ń lọ?"

Kì í ṣe pé kò mọ̀. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ nínú ilé náà pé ọjọ́ gbọ̀ngàn nìyẹn, ọjọ́ tí àwọn arúgbó àdúgbò máa ń pàdé láti na ara, láti ju bọ́ọ̀lù síra wọn, láti ta dráfù, kí nọ́ọ̀sì sì wo ẹ̀jẹ̀ ríru wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń béèrè ohun tó mọ̀, ìjà ló ń wá.

"Mò ń lọ na eegun mi," ni ìyá náà dáhùn. Kò gbé ojú sókè.

"Ta ni yóò wá jókòó ti ọmọ?"

Ọmọ tí wọ́n ń wí wà lórí ẹní, ó fẹ̀yìn ti ẹsẹ̀ ìyá àgbà. Kékeré ni gbogbo ilé ń pè é, ọmọbìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí a ṣe ń pe omi lómi. Wọ́n ti rẹ búrẹ́dì sínú tíì fún un láti àárọ̀. Búrẹ́dì ti mu tíì tán, ó ti wú, ọmọ kò fi ẹnu kàn án.

"Ìyá rẹ̀ ni kó jókòó tì í," ni Ìyá Alágbàfọ̀ wí. "Tàbí kó gbé e lọ sílé ìwòsàn, ìyẹn ló dára jù. Ara ọmọ yìí ń jó bí ààrò láti àná. Mo sọ ọ́ lánàá, ẹ ò gbọ́. Mo tún ti sọ ọ́ lónìí."

Ìyàwó káfíńtà wà lẹ́nu ọ̀nà, ó fi eyín di ìyarun mú, ó ń ki irun àdìpọ̀ sínú àpò. Onídìrí ni. Ìyàwó ọ̀ṣìngín kan àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń dúró dè é ní ṣọ́ọ̀bù, irú iṣẹ́ tí kì í wá lójoojúmọ́. Ó wo ọmọ, ó wo ọkọ rẹ̀, ó sì dá ojú padà sínú àpò.

"Eyín ló ń hù," ni káfíńtà wí. "Ọmọ wo ni kì í gbóná tó bá ń hu eyín? Ẹ má fi ọmọ bojú, Màmá. Ẹ kàn fẹ́ lọ bá àwọn bàbá arúgbó yẹn jó ni. Wọ́n ti sọ fún mi. Wọ́n ní ẹ máa ń gbé ẹsẹ̀ sókè bí ọmọge. Ẹ̀ ń dójú tì mí láàárín ẹgbẹ́ mi."

Ìyá Alágbàfọ̀ rẹ́rìn-ín. Ibi tó ti ṣe àṣìṣe nìyẹn, bí a bá lè pe ẹ̀rín ní àṣìṣe.

"Bí mo bá gbé ẹsẹ̀ sókè, ẹsẹ̀ ta ni mo yá?" ló wí. "Tèmi náà ni. Wọ́n ní bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Èmi ò tíì ní kí o fún mi lọ́mú o, ọmọ mi. Mo ní kí o jẹ́ kí n jáde díẹ̀ ni, kí n tó padà wá fọ aṣọ rẹ."

"Ìwọ ìyá yìí!"

Onídìrí yọ ìyarun lẹ́nu. Láti ọjọ́ tó ti wọ ilé náà, bí ọkọ rẹ̀ ti ń bínú tó, kò tíì gbọ́ kó pe ìyá tó bí i ní ìwọ. Ọ̀rọ̀ náà kò tíì balẹ̀ tí ìgbájú fi tẹ̀ lé e. Orí ìyá lọ gbá ògiri. Ẹ̀jẹ̀ yọ sí i lẹ́nu, ó sì fi ahọ́n wá ibi tí ó ti ń wá, ó bá eyín kan tó ń mì.

"Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè," ni káfíńtà ń wí, ó ń mí bí ẹni tó ru pákó gun òkè, "ẹ̀rẹ̀kẹ́ ló ń kó ọ̀ràn bá!"

Ó fa bàtà yọ lẹ́sẹ̀ ìyá, ó jù ú gba ojú fèrèsé síta. Ó gbá a lápá mú, ó ń wọ́ ọ lọ sí yàrá rẹ̀. Ìyá di férémù ilẹ̀kùn mú. Káfíńtà ń ṣí ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń bó ọ̀gẹ̀dẹ̀, ìka tí ọṣẹ àti omi aṣọ aláṣọ ti jẹ títí tí èékánná rẹ̀ fi rọ̀ bí awọ. Nígbà tó ṣí èyí tó kẹ́yìn, ó tì í wọlé, ó gbé ọmọ tì í lẹ́yìn bí ẹni gbé ẹrù sílẹ̀, ó fa ilẹ̀kùn dé, ó sì fi àgádágodo há a.

"Ẹ máa jó níbẹ̀."

"Bàbá Kékeré," ni Onídìrí wí, "ẹ jọ̀wọ́..."

Ọkọ rẹ̀ yíjú sí i. Onídìrí gbé àpò rẹ̀. Láti inú yàrá, Ìyá Alágbàfọ̀ gbọ́ ìró sálúbàtà ìyàwó ọmọ rẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì: ó ń lọ, ó dúró, ó tún ń lọ. Lẹ́yìn náà, ilẹ̀kùn òde dún; àwọn méjèèjì ti lọ.

Ilẹ̀kùn yàrá yẹn kì í ṣe ilẹ̀kùn lásán. Igi líle ni, káfíńtà ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ òdòdó sí i lára, tó kùn ún títí tó fi ń dán bí ojú omi. Kò sí oníbàárà tó wá sílé tí kò ní mú wá wò ó. "Ẹ wo yàrá tí mo fi ìyá mi sí," ló máa ń wí. Wọn a fi ọwọ́ pa òdòdó náà, wọn a sì gbàdúrà fún un pé bó ṣe ń tọ́jú ìyá rẹ̀ yìí, bẹ́ẹ̀ ni kí ọmọ tirẹ̀ náà tọ́jú rẹ̀. Yóò ṣe àmín, àmín rẹ̀ a sì máa dún sókè.

Ìyá Alágbàfọ̀ jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó gbé Kékeré lé ẹsẹ̀. Omi díẹ̀ ṣẹ́kù nínú ife tó fi lo oògùn. Ó rẹ etí aṣọ rẹ̀ sínú rẹ̀, ó fi ń nu iwájú orí ọmọ. Aṣọ náà ń gbẹ bó ṣe ń nù ún.

Ó mọ ohun tí wọ́n ń ṣe lọ́wọ́ ní gbọ̀ngàn. Tíṣà, ọ̀dọ́mọbìnrin tó ń kọ́ wọn, á ti fọn fèrè, á ti máa ké pé, "Ẹ mí sínú! Ẹ mí síta!" Bàbá Bíríkìlà á ti máa ráhùn pé òun ti ń mí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí òun, kò sì sí ẹni tó kí òun kú iṣẹ́ rẹ̀ rí. Gbogbo wọn á ti rẹ́rìn-ín, bí ẹni pé wọn ò gbọ́ ọ rí. Nínú ilé yìí, ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n mọ̀, ọwọ́ tó ń fọṣọ, ọwọ́ tó ń gbọ́mọ. Ní gbọ̀ngàn, wọ́n máa ń béèrè bí eékún rẹ̀ ṣe sùn.

"Mí sínú, ìyá mi," ló ń wí fún ọmọ, "mí síta."

Ọmọ kò mí bí wọ́n ṣe ń mí. Ojú rẹ̀ yí sókè, funfun rẹ̀ ló kù. Ọrùn rẹ̀ le, ọwọ́ rẹ̀ dì, gbogbo ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í já jìgìjìgì lórí ẹsẹ̀ ìyá àgbà, ìfófòó sì ń yọ sí i létè.

Ìyá Alágbàfọ̀ gbá ọmọ mọ́ra, ó sáré lọ sójú fèrèsé. Ó fi ẹnu tó ti wú kígbe.

"Ẹ gbà mí o! Gìrì ti mú ọmọ! Ẹ̀yin ará ilé, ẹ gbà mí!"

Eléèédú ló kọ́kọ́ dé. Òdìkejì ọ̀nà gan-an ló ti ń ta èédú, kò sì sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lójú fèrèsé yẹn tí kì í rí. Òun náà ló sọ fún káfíńtà pé ìyá rẹ̀ ń gbé ẹsẹ̀ sókè. Ó fi ọwọ́ dúdú di irin fèrèsé mú, ó wo inú, ó ké yéè. Ó sáré yípo wọlé; ìyá gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ẹsẹ̀ náà dúró. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó tún padà yọ lójú fèrèsé.

"Màmá, àgádágodo ló wà níbẹ̀."

"Mo mọ̀. Ẹ já a."

"Háà." Eléèédú wo ẹ̀yìn. "Màmá, ẹ̀yin náà mọ ọmọ yín. Bí mo bá fọwọ́ kan ilẹ̀kùn yẹn, ta ni yóò gbà mí lọ́wọ́ rẹ̀?"

Ìyá Alágbàfọ̀ gbé ọmọ sí àárín irin fèrèsé, bóyá ara rẹ̀ á lè gba ibẹ̀ kọjá. Ẹsẹ̀ gbà, ìdí gbà. Orí kò gbà. Ó fà á padà, ó tún gbìyànjú láti ẹ̀gbẹ́ kejì, irin sì fi ojú ọgbẹ́ sí ọmọ létí.

Èrò ti ń pé. Ọkùnrin tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe nígun ọ̀nà fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó mú ọ̀pá irin rẹ̀ dání. Ó ní ọ̀rọ̀ inú ilé ni, kí wọ́n pe onílé. Wọ́n pè é. Eléèédú na fóònù sójú fèrèsé kí ìyá lè gbọ́.

"Káfíńtà, ẹ máa bọ̀ o! Gìrì mú ọmọ yín!"

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ìyá yẹn?" Ohùn káfíńtà ń dún láàárín ìró ayùn. "Ẹ sọ fún un pé mo mọ gbogbo ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ rẹ̀. Kò ní jáde. Ọmọ tí mo fi sílẹ̀ báyìí báyìí?"

"Ọmọ mi," ni Ìyá Alágbàfọ̀ kígbe láti inú, "mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́, wá ṣílẹ̀kùn, wá fi kún ìyà tí o fi jẹ mí, ṣùgbọ́n wá ṣílẹ̀kùn!"

Ayùn dún. Fóònù kú.

Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, nítorí ọ̀rọ̀ sísọ kì í wúwo. Ọ̀kan ní kí ìyá ki ṣíbí bọ ọmọ lẹ́nu. Òmíràn ní rárá, kí ó má ṣe bẹ́ẹ̀, omi tútù ni. Ẹnì kan ní ìyá náà lẹ́nu púpọ̀. Ẹnì kan béèrè ìyàwó, wọ́n ní ó ti lọ dirun. Wọ́n ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Gbogbo wọn ló mọ òwe náà. Wọ́n máa ń pa á nípàdé àdúgbò. Ṣùgbọ́n ojú fèrèsé ni wọ́n dúró sí, ọ̀pá irin sì wà lọ́wọ́ atúnkẹ̀kẹ́ṣe.

Gìrì náà fi ọmọ sílẹ̀. Ó rọ̀ jọwọrọ lọ́wọ́ ìyá àgbà, ètè rẹ̀ dúdú. Ìyá gbé etí lé e láyà, ó gbọ́ ọkàn rẹ̀ tó ń sáré. Kò pẹ́ tí ara ọmọ tún le, ó tún bẹ̀rẹ̀.

Ìgbà yẹn ló gbọ́ fèrè.

Ìrìn ni àwọn àgbà gbọ̀ngàn máa ń fi parí eré ìdárayá wọn. Wọ́n ń bọ̀ ní ọ̀wọ́, Tíṣà níwájú, àwọn tó ń fi ọ̀pá tilẹ̀ lẹ́yìn. Ibòmíràn ni wọ́n máa ń gbà, ṣùgbọ́n wọn ò rí Ìyá Alágbàfọ̀ láàárọ̀ yìí, Bàbá Bíríkìlà sì ní ẹni tí kì í pẹ́ dé kì í ṣàdédé má wá, kí wọ́n gba ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kọjá. Wọ́n dé, wọ́n bá èrò lójú fèrèsé, wọ́n bá bàtà kánfáàsì kan nínú gọ́tà.

"Kí ló dé?" ni Tíṣà béèrè.

Gbogbo ẹnu ló dá a lóhùn pọ̀, kò gbọ́ nǹkan kan. Bàbá Bíríkìlà kò béèrè. Ojú kan ṣoṣo ló ní, òun ló fi wo ìyá lẹ́yìn irin, tó fi wo ọmọ. Ó lọ bá atúnkẹ̀kẹ́ṣe, ó gba ọ̀pá irin lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni gba ọ̀pá lọ́wọ́ ọmọdé, ó sì wọlé.

Ìyá Alágbàfọ̀ gbé ọmọ lọ sígun yàrá. Ilẹ̀kùn bẹ̀rẹ̀ sí í gbọn. Gbàà. Gbàà. Ó ń gbọ́ bí Bàbá Bíríkìlà ṣe ń mí láàárín lílù kan sí ìkejì. Nígbà tó rẹ̀ ẹ́, ẹlòmíràn gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbọ́ ohùn àwọn ìyá, "Ẹ mú un wá, ẹ jẹ́ kí n lù ú," bí ìgbà tí wọ́n bá ń du bọ́ọ̀lù. Òdòdó tí káfíńtà gbẹ́ sára ilẹ̀kùn là sí méjì.

Níta, Eléèédú tún ti gbé fóònù.

"Káfíńtà! Wọ́n ń já ilẹ̀kùn yín o!"

Kò gbọ́ ìró ayùn mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Kì í ṣe ọ̀nà jíjìn ni ṣọ́ọ̀bù káfíńtà wà. Nígbà tí wọ́n pè é pé ọmọ rẹ̀ ń kú, kò dé. Nígbà tí wọ́n pè é pé wọ́n ń já ilẹ̀kùn rẹ̀, ó dé kí àgádágodo tó balẹ̀.

Bí ilẹ̀kùn ṣe ṣí ni ìyá jáde bí ẹni tí odò pọ̀ sí bèbè. Kò wo ẹnikẹ́ni. Ó gbé ọmọ lé Tíṣà lọ́wọ́, ó ní, "Sáré!" Tíṣà sáré. Ó fi fèrè sẹ́nu, ó ń fọn ọ́n bó ṣe ń lọ kí ọ̀nà lè là, ó sì fi èjìká gbá káfíńtà lẹ́nu ọ̀nà bí ìyẹn ṣe ń wọlé. Káfíńtà kò tilẹ̀ wo ohun tó gbé dání.

Ilẹ̀kùn ló ń wò. Pákó kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, èyí tó ń rẹ́ lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n pè é. Ó fi ọwọ́ kejì pa ojú ibi tí òdòdó ti là.

"Ilẹ̀kùn mi," ló wí, ohùn rẹ̀ kéré. "Ta ló ba ilẹ̀kùn mi jẹ́?"

"Èmi ni," ni Bàbá Bíríkìlà dáhùn. Ó ti gbé ọ̀pá irin sílẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún, ó ń wá èémí. "Ọmọ rẹ..."

Pákó bà á léjìká. Èkejì bà á lórí. Bàbá Bíríkìlà kò ké. Ó kàn jókòó sílẹ̀ bí ẹni tó rẹ̀, lẹ́yìn náà ó dùbúlẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì ń gba ojú rẹ̀ tó ríran wá sílẹ̀.

Àwọn àgbà bo káfíńtà. Wọ́n fi ọ̀pá lù ú, wọ́n fi ìgbọ̀nwọ́ gún un, wọ́n so mọ́ ọn lọ́rùn àti lẹ́sẹ̀. Ìyá kan tí eyín rẹ̀ kò ju mẹ́rin lọ fi gbogbo wọn gé e jẹ lápá. Káfíńtà ń jù wọ́n nù bí ẹni gbọn eruku. Ọ̀kan gbá àga, ọ̀kan ṣubú lu abọ́ tíì ọmọ, tíì tútù àti búrẹ́dì fọ́n sílẹ̀. Ó já ara rẹ̀ gbà lọ́wọ́ wọn, ó tún yíjú sí bàbá tó dùbúlẹ̀, ó gbé pákó sókè.

Ìyá Alágbàfọ̀ ti mú ọ̀pá irin.

Kò sọ fún un pé yóò lù ú. Kò pe orúkọ rẹ̀. Ó fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹlẹ̀, ó sì fi gbogbo agbára ọwọ́ tó ti ń fún omi lára aṣọ láti ìgbà èwe sọ irin náà kalẹ̀ lórí apá tó gbé pákó sókè. Ó dún kẹ́ẹ́. Gbogbo ilé gbọ́ ọ. Pákó bọ́ sílẹ̀.

Káfíńtà wo apá rẹ̀. Ó ti tẹ̀ níbi tí apá kì í ti í tẹ̀. Ó wo ìyá rẹ̀.

"Màmá," ló wí, bí ọmọ tó jí lójú oorun, "ẹ ti ṣẹ́ mi lọ́wọ́."

"Mo mọ̀," ni ìyá wí. Ó gbé irin sílẹ̀ jẹ́jẹ́, ó kúnlẹ̀ ti Bàbá Bíríkìlà, ó sì fi aṣọ dí ojú ọgbẹ́ rẹ̀.

Orí bẹ́ǹṣì kan náà ni gbogbo wọn bá ara wọn nílé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì ti rán orí Bàbá Bíríkìlà, bàbá náà ní ojú kan ni òun ní tẹ́lẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì lọ yan ìyẹn láàyò. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín, òun náà kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ti fi ohun funfun líle di apá káfíńtà láti ìka dé ìgbọ̀nwọ́. Ìyá rẹ̀ jókòó sí igun kejì, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti dúdú. Kékeré wà nínú lọ́hùn-ún. Wọ́n ti fún un ní abẹ́rẹ́. Dókítà ní gìrì ti dáwọ́ dúró, kí wọ́n máa wò ó. Ó ní ká ní ó tún pẹ́ díẹ̀ sí i ni. Kò parí ọ̀rọ̀ náà.

Onídìrí sáré wọlé, òróró irun ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Eléèédú, tó ti tẹ̀ lé wọn wá kí ọ̀rọ̀ má baà ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó sì ro gbogbo rẹ̀ fún un. Ó rò ó dáadáa. Ó ro ti fóònù àkọ́kọ́, ó ro ti ìkejì, kí ó tó rántí pé ó yẹ kí òun fo ibì kan.

Onídìrí wá dúró níwájú ọkọ rẹ̀.

"Wọ́n pè ọ́?"

Káfíńtà ń wo sìmẹ́ńtì ilẹ̀.

"Wọ́n pè ọ́ pé gìrì mú ọmọ, o ò wá. Wọ́n pè ọ́ pé wọ́n ń já ilẹ̀kùn, o wá."

"Mo rò pé..."

"Kí lo rò?"

Onídìrí fi í sílẹ̀, ó kúnlẹ̀ síwájú ìyá ọkọ rẹ̀, ó gbé ọwọ́ olóròóró méjèèjì lé ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹsẹ̀ náà kò ní bàtà.

"Màmá, mo wà níbẹ̀. Mo rí i. Mo sì gbé àpò mi."

Ìyá Alágbàfọ̀ kò sọ pé kò sí wàhálà. Kò sọ pé ó ti tán. Ó wò ó títí, ó sì gbé ojú kúrò.

Ọlọ́pàá tí Tíṣà pè wọlé. Ó wo orí tí wọ́n rán, ó wo apá tí wọ́n dì, ó wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó wú, ó béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Eléèédú rọra bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá, ó fi ẹnu sí i létí.

"Màmá, ẹ ní wọ́n ṣubú ni. Ẹ ṣàánú. Ọ̀rọ̀ ẹbí ni, ọmọ yín ni. Ẹni bí ọmọ ọ̀ràn ní í pọ̀n ọ́n."

"Mo ti pọ̀n ọ́n," ni Ìyá Alágbàfọ̀ wí. "Ẹ̀yìn ń dùn mí."

Ó dìde.

"Ọ̀gá ọlọ́pàá, ọmọ mi nìyí. Òun ló gbá mi lójú láàárọ̀ yìí. Òun ló tì mí mọ́lé pẹ̀lú ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá, àwọn aládùúgbò wa sì dúró lójú fèrèsé, wọ́n ń wò wá. Òun ló fi pákó la bàbá yìí lórí nítorí pé ó já ilẹ̀kùn. Èmi ni mo fi irin ṣẹ́ ẹ lápá. Kò ṣubú. Bí òfin bá ní kí ẹ mú òun, ẹ mú un. Bó bá ní kí ẹ mú èmi náà, mo wà níbí."

"Màmá!" ni káfíńtà ké. Ó fẹ́ dìde, apá dùn ún, ó jókòó padà. Omijé ń dà lójú rẹ̀. Bóyá ti apá ni, bóyá ti nǹkan mìíràn ni, ìyá rẹ̀ kò wò ó kó lè mọ̀.

Ọlọ́pàá náà kì í ṣe ọmọdé. Ó fi ọwọ́ pa àgbọ̀n, ó mí kanlẹ̀. Ó ní káfíńtà yóò tẹ̀ lé òun tí dókítà bá ti yọ̀ǹda rẹ̀. Ó ní ti ìyá, àwọn yóò gbọ́ ẹjọ́ náà níwájú ọ̀gá àwọn, ṣùgbọ́n òun fúnra òun ti rí orí tí pákó là. Lẹ́yìn náà, ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

"Màmá, níbo lẹ máa sùn lálẹ́ òní? Ṣé ẹ ní ẹbí mìíràn?"

Ìyá Alágbàfọ̀ ya ẹnu. Ó ti ro ohun gbogbo, kò ro ìyẹn. Tíṣà sọ pé gbọ̀ngàn kò ní bẹ́ẹ̀dì, ṣùgbọ́n kí ìyá wá sọ́dọ̀ òun, yàrá kan ni òun ní, àwọn á jọ fún ara pọ̀ níbẹ̀. Bàbá Bíríkìlà ní ilé òun náà wà níbẹ̀, ọmọ òun obìnrin á tẹ́ ibi tó dára fún un.

"Ilé," ni Onídìrí wí.

Gbogbo wọn yíjú sí i. Ó ti dìde, ó ń fi aṣọ nu òróró kúrò lọ́wọ́, ìka kan tẹ̀ lé òmíràn.

"Ilé wọn ni Màmá máa sùn. Ẹni tí ẹ máa wá ibi tó máa sùn fún, òun ló jókòó síbẹ̀ yẹn."

Káfíńtà gbé orí sókè, ó wò ó. Onídìrí náà wò ó, kò gbé ojú kúrò, títí tí ojú ọkùnrin náà fi padà sílẹ̀.

Inú lọ́hùn-ún, Kékeré bú sẹ́kún. Kì í ṣe ẹkún àìsàn. Ẹkún ìbínú ni, ẹkún ọmọ tó jí, tí ebi ń pa, tí kò sì rí ojú tó mọ̀. Ìyá Alágbàfọ̀ àti Onídìrí gba ẹnu ọ̀nà wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, èjìká wọn sì kan ara wọn níbẹ̀.